Òwìwí Inú Àpò Nọ́ọ̀sì

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n má baà pariwo. Màmá òkè ti dé láti Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti lọ bá ọmọ wọn wẹ ọmọ. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣòfófó. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ wẹ ọmọ, tó wá dé tó ń ròyìn òkú òwìwí, ṣé ó yẹ kí n gbé ìyẹn mì ni?

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ wọn. Ó ní òun fẹ́ mú Màmá najú, ló bá mú wọn lọ sí ọsibítù St Thomas' ní etí odò Thames, ní òdìkejì ibi tí àwọn aṣòfin òyìnbó ti ń fa ọ̀rọ̀. Àyà Màmá já. Wọ́n rò pé àìsàn kan ń bẹ tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún àwọn ni. Àṣé inú ọgbà ọsibítù yẹn ni mùsíọ́ọ̀mù Florence Nightingale wà láti 1989, obìnrin tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní ìyá iṣẹ́ wọn.

Inú gíláàsì níbẹ̀ ni òwìwí wà. Ní Áténì ni Nightingale ti rí i ní 1850, tí àwọn ọmọ kan ń fìyà jẹ ẹ́. Ó gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sọ ọ́ ní Athena, ó ń gbé e kiri nínú àpò aṣọ. Ìgbà tó ń palẹ̀ mọ́ fún ogun Crimea ní 1854 ni ẹyẹ kú, wọ́n bá fi oògùn sí i kó má baà jẹrà. Ìyá ẹlẹ́kọ gbọ́ èyí, ó ní, "Ẹni tó gbé òwìwí sápò ló fẹ́ gún mi lábẹ́rẹ́?" Kò kúkú jẹ̀bi. Ní Dọ́pẹmu níbí, bí òwìwí bá ké lórí òrùlé lóru, títí dé Akówọ́njọ ni wọ́n á ti gbọ́ àdúrà wa.

Wọ́n tún rí irú àtùpà tí Nightingale fi ń bẹ aláìsàn wò lóru. Kì í ṣe ẹlẹ́nu gígùn tí wọ́n máa ń yà o, ti àwọn ará Tọ́kì ni, ó ṣeé ká pọ̀. Àtùpà ni wọ́n fẹ́ fi yangàn fún ará Dọ́pẹmu? NEPA ti sọ gbogbo wa di nọ́ọ̀sì tipẹ́.

Nígbà ogun yẹn, Nightingale àti obìnrin 38 ló forí lé Scutari ní Tọ́kì, àìsàn sì ń pa sójà níbẹ̀ ju ọta ìbọn lọ: onígbáméjì, tífọ́ọ̀dù, ìgbẹ́ ọ̀rìn. Ó ń ka òkú, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi iye wọn yàwòrán kí ojú lè ti ìjọba. Ìdọ̀tí ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀ o! Ẹni tó ń da omi ẹran sí gọ́tà ẹ̀yìnkùlé, mi ò dárúkọ, àmọ́ ó ń gbọ́ mi láti ojú fèrèsé.

Ní 1860, iléèwé nọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣí ní St Thomas'. Ibẹ̀ ni ọmọ Èkó tiwa, Màmá Kofoworola Abẹ́ní Pratt, wọ̀ ní 1946. Aláìsàn òyìnbó kan tiẹ̀ wà tó ní nọ́ọ̀sì dúdú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òun. Wọ́n fara dà á, wọ́n wálé, ní 1964 wọ́n di mátíróònù UCH Ìbàdàn, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga yẹn. Wọ́n tún jẹ kọmíṣọ́nnà ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ibi tó dùn nìyí: bàbá Màmá Pratt ò fẹ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún wọn, tíṣà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Àwọn òbí Nightingale, olówó rẹpẹtẹ, náà kọ̀ jálẹ̀, ọkọ ni wọ́n ní kó fẹ́. Ẹ wá wo bàbá onílé wa! Wọ́n ti ta ilẹ̀ kan ní Ìgàndò torí kí àbígbẹ̀yìn wọn lè di nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ àwọn ń fi pọ́n-ùn ránṣẹ́, tàwọn ń kun ojú ìyàwó kiri Ẹgbẹ́dá. Ọmọ ní bí òun bá rí ẹ̀jẹ̀, òòyì á máa kọ́ òun. Bàbá ní á mọ́ ọn lára.

Láàárọ̀ yìí ni wọ́n ń wá àpótí méèkọ́ọ̀pù rẹ̀ kí wọ́n lè tì í mọ́lé. Wọn ò rí i. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà, ó sì ń fún mi ní nǹkan díẹ̀ lórí ìyàwó kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fojú bẹ́ẹ̀ wò mí jàre.