Sí Bọ̀dá mi tó ń bá sikirínì jà

Bọ̀dá mi àtàtà,

Ẹ kú ìjà o. Mo gbọ́ pé ẹ tún ti gbé láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ yẹn padà sí Ikẹjà, ẹ ní ẹni tó tà á fún yín lù yín ní jìbìtì, pé lẹ́tà inú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì bí ìgbà téèyàn ń wo ọ̀nà nínú ọyẹ́. Ìyàwó yín ní ẹ ti fi síńgílẹ́ẹ̀tì nu ojú rẹ̀ títí, ẹ ti pààrọ̀ awò ojú yín, ó wá ku kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ babaláwo.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ẹ sùn lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday. Ẹ má bínú, ẹ̀yin lẹ ba sikirínì náà jẹ́.

Ojú rẹ̀ dà bí adé onílẹ̀kẹ̀. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti to ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì: 1920 láti ọ̀tún dé òsì, 1080 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì, ẹyọ kan ò lè lé e mọ́, ẹyọ kan ò sì lè dín. Ẹ̀yin wá wọ inú Settings, ẹ ní 1366 × 768 lẹ fẹ́, torí kí lẹ́tà lè tóbi. Ó tóbi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó gba ìlẹ̀kẹ̀ kan wá di ohun tó ń gba ìlẹ̀kẹ̀ kan àti ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ta ní ń gé ìlẹ̀kẹ̀ sí wẹ́wẹ́? Ẹ̀rọ ò rí i gé, ló bá ń po dúdú lẹ́tà mọ́ funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó di àwọ̀ eérú. Bàìbàì yín nìyẹn. Ẹ sanwó ìlẹ̀kẹ̀ mílíọ̀nù méjì, àwòrán ìlẹ̀kẹ̀ mílíọ̀nù kan lẹ ń fi ránṣẹ́ sí i. Ta ló wá lu ta ní jìbìtì?

Ẹ̀bi yín ò kúkú pọ̀. Kọ̀ǹpútà tí ẹ fi kọ́ṣẹ́, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ bíi ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ìtànṣán ló fi ń ya àwòrán. Ẹ lè sọ ọ́ di 800 × 600 láàárọ̀, kí ẹ sọ ọ́ di 1024 × 768 lálẹ́, kò ní bá yín jà. Tòní ò gba bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ ń wá ò jìnnà síbi tí ẹ lọ ń tẹ̀ yẹn, òkè rẹ̀ gan-an ló wà. Scale lorúkọ rẹ̀. Ẹ dá iye ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ yí padà yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní resolution, padà sí èyí tí wọ́n kọ Recommended sí lára, kí ẹ wá gbé Scale sí 125% tàbí 150%. Lẹ́tà á tóbi bíi ti pátákó ìpolówó, á sì mọ́ kedere.

Ti pé ó máa ń ṣú bí ẹ bá dùbúlẹ̀ tí ẹ ń wò ó láti ìsàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú sikirínì tí wọ́n ń pè ní TN. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ẹ dìde jókòó, sà.

Ẹ dákun, ẹ pe ọmọ ọlọ́mọ tó tà á fún yín lónìí kí ẹ bẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rìsíìtì tí ẹ fi ń halẹ̀ mọ́ ọn.

Èmi ni,
Àbúrò yín tí ẹ ń pè ní olófòófó.