Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà, Ṣùgbọ́n Ọjà Ń Tú

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn ò fi kún un, torí wọ́n rò pé ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n, ni pé ẹni tó ń lọ tajà á gbé ẹrù dání.

Ẹ bá mi ká lọ sí Elavagnon, olú ìlú Est-Mono ní Tógò, níbi tí àwọn ìbátan wa ń gbé, àwọn Ifẹ̀ tí àwọn ẹlòmíì ń pè ní Àná. Ká ní ọmọkùnrin kan níbẹ̀ fẹ́ kó àlọ́ ìyá rẹ̀ àgbà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àlọ́ má bàa bá màmá wọ káà ilẹ̀. Iṣẹ́ náà ò le. Kó tẹ àlọ́ sínú fáìlì lásán, kó fi # síwájú àkọlé, kó há ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kó hàn ketekete sáàárín ìràwọ̀ méjì-méjì. Markdown nìyẹn, tí John Gruber gbé jáde lọ́dún 2004. Lẹ́yìn náà, kó tẹ “hugo”, orúkọ irinṣẹ́ tó ń kọ́ ìkànnì látinú irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Kó tó ṣẹ́jú, fáìlì ti di ojú ewé tó ṣe é gbé síta. Kò sí database tí yóò máa dá àárẹ̀ sílẹ̀, ojú ewé á sì fúyẹ́ débi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń tiro á gbé e délé.

Àmọ́ ọmọ wa gbọ́n. Jekyll, irinṣẹ́ irú Hugo tó jẹ́ ará ọdún 2008, ló kọ́kọ́ mú. Kó tó kọ àlọ́ kan, wọ́n ní Hugo ti ọdún 2013 yára jù ú lọ. Ó kó lọ síbẹ̀. Kí ló fẹ́ fi eré sá gbé? Ojú ewé kan ṣoṣo ló ní, “Ẹ káàbọ̀” ló sì wà níbẹ̀. Ó fi ọ̀sẹ̀ kan yan àwọ̀, ó fi òmíràn yan irú lẹ́tà. Ó gbọ́ pé Eleventy, irinṣẹ́ mìíràn, dé, ó tún palẹ̀ ẹrù tí kò ní mọ́. Ẹ bi í, á ní: “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà kan ò wọ ọjà.”

Òótọ́ ni, àbúrò. Ṣùgbọ́n oníṣu tó dán ọ̀nà mẹ́ta wò láàárọ̀ kan, tòun ti agbọ̀n òfìfo, ẹsẹ̀ ló ń nà. Fáìlì lásán ò kọ ọ̀nà: àlọ́ tí o kọ fún Jekyll, tún orí rẹ̀ ṣe díẹ̀, Hugo á gbà á. Ọ̀nà ṣe é pààrọ̀. Ìyá àgbà ò ṣe é pààrọ̀.

Wọ́n ṣì jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ṣí fáìlì kan, fi # kan síwájú, kí o bi wọ́n léèrè: kí ni ìjàpá ṣe?