Ọ̀pọ̀lọ́ Òṣómàáló

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ẹ̀bá ojú irin Òṣogbo ló balẹ̀ sí, ó dá lórí Ìjàpá, ọkọ Yánníbo.

Ọdún 1907 ni, ọdún tí rélùwéè dé Òṣogbo. Ẹrù òyìnbó ń bọ́ sílẹ̀ wìtìwìtì: ìgàn aṣọ, abọ́ tánganran, digí, agboòrùn. Ọ̀pọ̀lọ́ ará Iléṣà a máa wá rà wọ́n, á gbé wọn karí, á fẹsẹ̀ rìn padà, bíi máìlì 20. Kì í gbowó lójú ẹsẹ̀. "Mú un lọ. San díẹ̀ lónìí, san díẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀." Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá pé tí owó kò pé, á ká ṣòkòtò sókè, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: "Òṣóò ni mà á ló títí n ó fi gbowó mi!" Ibẹ̀ ni orúkọ Òṣómàáló ti mọ́ àwọn aláṣọ Ìjèṣà lórí. (Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù yáwó lóde òní, òṣómàáló tiyín kì í lóṣòó, àna yín àti ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ ló máa ń pè.)

Ìjàpá ń gbé ní abúlé kan lójú ọ̀nà Iléṣà. Ẹ ṣáà mọ ilé ahun, kò gba ahun. Yàrá kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ìyàwó kan, ọmọ mẹ́fà. Yánníbo kò ṣàròyé. Àdìrẹ kan ṣoṣo ló fi ń ròde. Bó bá ti ṣá, á gbé e lọ bá àwọn aláró Òṣogbo, wọn á tún un rẹ, á máa dán bí ojú ọmọ tuntun.

Ọjọ́ tí Ìjàpá rí digí nílé Ọ̀kẹ́rẹ́ ni oorun dá lójú rẹ̀. Ó gba digí lọ́wọ́ Ọ̀pọ̀lọ́. Ó gba abọ́ tánganran 12 nítorí àlejò. Ó gba agboòrùn méjì, ọ̀kan fún òjò, ọ̀kan fún oòrùn. Ó wá gba bẹ́ẹ̀dì onírin. Bẹ́ẹ̀dì kún yàrá dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn lé e kó má baà bàjẹ́, abọ́ ló ń sùn lé e. Àwọn ọmọ bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tọkọtaya bọ́ sí ilé ìdáná.

"Olówó orí mi," ni Yánníbo wí, "kí ni gbogbo èyí wà fún?"

"Kí ẹni tó bá wọlé lè mọ̀ pé èèyàn ń gbébẹ̀ ni."

"Ibo lẹ fẹ́ kó gbà wọlé?"

Oṣù pé. Ọ̀pọ̀lọ́ dé, ṣílè 15. Ó lóṣòó. Àwọn aládùúgbò ń yọjú. Ojú ti Ìjàpá, ló bá kígbe pé, "Ẹ wá kí àna mi o, ará ilé Yánníbo láti Iléṣà!"

Háà! Wọn kì í pe èèyàn ní àna kí wọ́n má dọ̀bálẹ̀ fún un. Láràárọ̀ ni Ìjàpá ń dọ̀bálẹ̀. Wọn kì í sì gba àna Ìjèṣà lálejò kí wọ́n má gúnyán. Ọ̀pọ̀lọ́ ń jẹ iyán lóṣòó, ó ń fọwọ́ nu ẹnu lóṣòó. Kí oṣù méjì tó pé, iṣu tó ti wọ ikùn rẹ̀ ti ju ṣílè 15 lọ, gbèsè sì wà níbẹ̀ digbí. Ìjàpá fi orin bẹ̀ ẹ́, ẹ bá mi gbè é:

Ọ̀pọ̀lọ́, dìde, ilẹ̀ ti ṣú o,
*Òṣóò ni mà á ló.*
Ọ̀pọ̀lọ́, dìde, abà iṣu gbẹ,
*Òṣóò ni mà á ló.*
Oṣù tó ń bọ̀ n ó sanwó rẹ,
*Òṣóò ni mà á ló.*

Àfi bí bàbá Yánníbo gan-an ṣe ti Iléṣà dé. Ó wo Ọ̀pọ̀lọ́ títí. "Ìwọ, ọmọ ta ni ọ́ nínú ilé wa?"

"Bàbá, n kì í ṣe ọmọ ilé yín. Ṣílè 15 ni mí."

Lóru ọjọ́ náà Ìjàpá fẹ́ sá. Bẹ́ẹ̀dì kò ṣeé gbé. Abọ́ ń dún wóńgan-wóńgan. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń sùn kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ pọ̀n, ó wọgbó. Ẹ̀yìn rẹ̀ náà ló wà dòní. Bó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, á fa orí wọlé. Ó rò pé Ọ̀pọ̀lọ́ ni.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Yánníbo kó ẹrù jáde fún Ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ ní owó lòun wá gbà, òun kò wá kó àlòkù. Yánníbo ru gbogbo rẹ̀ lọ sọ́jà Òṣogbo, ó rí ṣílè 9. Ọ̀pọ̀lọ́ kà á, ó tún un kà, ó padà lọ lóṣòó nítorí ṣílè 6 tó kù. Bójò bá rọ̀, ẹ fetí sílẹ̀ létí omi, ẹ ó gbọ́ ọ níbi tó ti ń béèrè rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà na ẹsẹ̀ gbọọrọ nínú yàrá, Yánníbo gún iyán kékeré kan, kò pe àna kankan.

Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró. Pó! Pó! Ẹ dúró ná kó tó di ẹ̀kẹta, ẹnìkan ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà mi, owó aṣọ ẹbí ló ń béèrè.