Ẹ Bá Mi Kí Ọ̀gá Dátábéèsì

Ẹ bá mi kí ọ̀gá tó ń tọ́jú dátábéèsì ní ọ́fíìsì yín o. Ẹ kí i dáadáa, torí gbígbé dátábéèsì bọ́ sórí ẹ̀dà tuntun, iṣẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ múra sílẹ̀ fún, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ lòun máa ń ṣe é, pẹ̀lú aṣọ ẹbí lọ́rùn, tí ọkàn ti wà lóde àríyá. "Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni."

Bẹ́ẹ̀, nígbà tó yẹ kó kánjú, kò kánjú. Ọdọọdún ni PostgreSQL, dátábéèsì tó ń lò, ń gbé ẹ̀dà ńlá tuntun jáde, ọdún márùn-ún ni wọ́n sì fi ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oṣù Kọkànlá 2024 ni wọ́n ti ṣíwọ́ lára ẹ̀dà 12. Bí olè bá rí ihò níbẹ̀ lónìí, wọn ò ní bá yín dí i. Ọ̀gá wa ṣì jókòó pa sórí 12. Ẹ bi í, á ní, "Ṣé ó bàjẹ́ ni?" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń lo MySQL 5.7, èyí tí Oracle ti pa tì láti oṣù Kẹwàá 2023, á mi orí sí i. Àwọn méjèèjì kì í sì í fi fóònù àtijọ́ ṣọdún o!

Ó wá di ọjọ́ tí àwọn ayẹ̀wéwò bi MD léèrè ìdí tí wọ́n fi ṣì wà lórí 12. Ara ọ̀gá ya gágá. Kọ́pà tó wà lábẹ́ rẹ̀ rọra súnmọ́ ọn.

"Ọ̀gá, ṣé bákọ́pù wà?"

"Ó wà."

"Ṣé ẹ ti gbé e sórí sáfà mìíràn rí, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó máa jí?"

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

Ọ̀rọ̀ tán. Ẹ bá mi rọ ìtàn ilé iṣẹ́ GitLab sí i létí. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kìíní 2017, òṣìṣẹ́ wọn kan tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ fẹ́ pa àwọn fáìlì orí sáfà kejì rẹ́. Orí sáfà àkọ́kọ́ gan-an ló ti pa wọ́n rẹ́. Kó tó dáwọ́ dúró, nínú nǹkan bí 300 GB, 4.5 ló ṣẹ́ kù. Wọ́n sáré dé ìdí bákọ́pù, wọ́n bá òfìfo. PostgreSQL 9.6 ni dátábéèsì wọn, pg_dump ti 9.2 ni wọ́n sì fi ń ṣe bákọ́pù, pg_dump àtijọ́ kì í sì í gbà láti ka dátábéèsì tó ju ẹ̀dà tirẹ̀ lọ. Gbogbo ìgbà ló ń kọ̀ fún wọn, ímeèlì tó yẹ kó fi ké gbàjarè kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú, fún nǹkan mìíràn, ló kó wọn yọ. Wọ́n fi àtúnṣe náà hàn lójú ayé lórí YouTube. Mo gbà fún wọn! Ká ní ọ̀gá wa ni, NEPA ni ìbá di gbogbo ẹ̀ rù.

Ó dọjọ́ Jímọ̀. pg_upgrade, irinṣẹ́ tó ń gbé PostgreSQL bọ́ sórí ẹ̀dà tuntun, ní --check, tó máa yẹ ohun gbogbo wò láìfọwọ́ kan nǹkan kan, kódà bí dátábéèsì àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ. Ọ̀gá fò ó. --link ló wù ú, torí ó yá. Ó yá lóòótọ́: fáìlì kan náà ni àtijọ́ àti tuntun jọ ń lò, gbàrà tí tuntun bá sì ti dìde, kò séwu tí ẹ ò ní rí bẹ́ ẹ bá tún jí àtijọ́. Ilé iṣẹ́ GitHub tó ní sáfà MySQL tó lé ní 1,200, ó lé lọ́dún kan tí wọ́n fi kó wọn lọ sí 8.0, wọ́n sì ń fi àwọn 5.7 sí ìtòsí kí ọ̀nà àbọ̀ má baà dí. Àwọn yẹn ò ní òde àríyá ni.

Dátábéèsì dìde, ọ̀gá kígbe "Ògo!", ó bọ́ sínú mọ́tò. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, akọ̀wé owó tẹ orúkọ oníbàárà kan. Ó po tíì, ó mu ún tán, ó fọ ife, orúkọ ò tíì jáde. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni," ọ̀gá ní. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́ o. Kó tó kan ẹ̀dà 18, pg_upgrade kì í kó àkọsílẹ̀ tí PostgreSQL fi ń mọ ọ̀nà tó yá jù dání. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ANALYZE ṣe òmíràn. pg_upgrade fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà, àmọ́ ọ̀gá ti pa láptọ́ọ̀pù dé kó tó kà á.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ oní-MySQL, tóun náà gbé tirẹ̀ lọ sí 8.0, wá burú jáì. Ilé ìwé ló ń bá ṣe èsì ìdánwò, "rank" ló sì pe ibi tí ipò ọmọ kọ̀ọ̀kan wà. MySQL 8.0 ti gba "rank" sọ́dọ̀ ara rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ àṣẹ tirẹ̀. Kò sọ́mọ tó ṣe Kìíní ní sáà yẹn, kò sì sí ọ̀nà láti 8.0 padà sí 5.7 àfi bákọ́pù.

Ní tọ̀gá wa, kọ́pà ló ṣe ANALYZE níkọ̀kọ̀ kó tó di ọ̀sán, gbogbo nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá gbé ìwé owó àṣekún iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ lọ bá MD. MD fọwọ́ sí i, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.