Ìjàpá àti Ọ̀rọ̀ Tó Nírù

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo, níjọ́ tí ó lọ kọ́ èdè Sípéènì ní Kúbà.

Ní ìlú àwọn ẹranko, Kìnnìún ọba gbọ́ pé àlejò ń bọ̀ láti Kúbà. Ọmọ-ọmọ àwọn ará ilé tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun ni wọ́n, Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá ń kọrin sí Ṣàngó tàbí Ọ̀ṣun, àgbà ilé á gbọ́ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí òùngbẹ bá gbẹ wọ́n, èdè Sípéènì ni wọ́n fi ń bèèrè omi. Kìnnìún ní òun nílò ògbufọ̀. Kí Ehoro tó la ẹnu, Ìjàpá ti dìde.

"Kábíyèsí, ọjọ́ méje ni èdè yẹn. Kí wọ́n sáà ti san owó ọkọ̀, owó oúnjẹ, owó ìwé, àti owó àárẹ̀."

Wọ́n san án. Ẹ̀yin náà mọ irú owó bẹ́ẹ̀: bí ó bá jẹ́ ti afárá tó wó, á pẹ́ kó tó jáde, bí ó bá jẹ́ ti ìrìnàjò òkèèrè, kì í pẹ́. Ìjàpá mú Yánníbo dání, ó di inú ọkọ̀ ojú omi. Bí ọkọ̀ ti ń lọ ni ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Lílé: Èmi nìkan ni mò ń lọ Kúbà
Ègbè: Yo, yo, Ìjàpá á yó
Lílé: Èmi nìkan ni mo máa gbọ́ èdè
Ègbè: Yo, yo, Ìjàpá á yó
Lílé: Bíṣẹ́ bá dé, ẹ wá wọn lọ
Ègbè: Yo, yo, Ìjàpá á yó
Lílé: Bọ́bẹ̀ bá jinná, ẹ pè mí wá
Ègbè: Yo, yo, Ìjàpá á yó

Atukọ̀ kan ló sọ fún un pé "yo" ni wọ́n ń pe "èmi" lọ́hùn-ún. Ìjàpá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èdè tí "èmi" àti "yó" ti jọ ń gbé ẹnu kan náà, ta ni wọ́n dá a fún bí kò ṣe òun?

Wọ́n gúnlẹ̀ sí Regla, tí ó kọjú sí Havana ní òdìkejì èbúté. Ilé Jutía ni wọ́n wọ̀ sí. Jutía jọ eku ńlá, ẹran rẹ̀ tí wọ́n bá yan gbẹ ni àwọn Lucumí sì fi ń ṣe ohun tí a ń fi eku ṣe nílé níwájú òrìṣà. (A kò sọ èyí létí rẹ̀, a jẹ́ àlejò.) Ìbátan Ìjàpá kan wá kí wọn, ìyẹn Jicotea tí ń gbé inú odò, tí àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì ń pè ní Ayapá. Lydia Cabrera, òǹkọ̀wé ọmọ Kúbà, ti kó àlọ́ Jicotea jọ sínú odindi ìwé kan ní 1971. Èmi ti rí i pé òkun kò fọ ìwà àrékérekè kúrò lára ẹbí.

Olùkọ́ tí wọ́n wá fún Ìjàpá ni Cotorra, ayékòótọ́ Kúbà, aláwọ̀ ewé tí ọ̀fun rẹ̀ pupa.

"Ní 1492," ni Cotorra wí, "Antonio de Nebrija tẹ gírámà èdè yìí jáde ní Salamanca. Ọdún yẹn náà ni Columbus gúnlẹ̀ sí erékùṣù wa. Ìwé àti ọkọ̀ jọ gbéra ni. Nítorí náà, jókòó dáadáa."

Ó kọ wọ́n sílẹ̀: yo, tú, él, ella, usted, nosotros, nosotras, vosotros, vosotras, ellos, ellas, ustedes.

Ìjàpá fi ìka kà wọ́n. "Mo, o, ó, a, ẹ, wọ́n. Ó parí! Ọjọ́ mẹ́fà tó kù, mo fi jẹ èrè."

"Ọ̀rọ̀-ìṣe ńkọ́?"

"Jẹ ni jẹ. Mo jẹ, o jẹ, ó jẹ, a jẹ, ẹ jẹ, wọ́n jẹ. Ẹni tó ń jẹ ló ń yí padà. Jíjẹ kò yí padà láti ìwáṣẹ̀."

"Nílé yín nìyẹn," Cotorra dáhùn. "Nílé yín, arọ́pò-orúkọ ló ń sáré kiri, ọ̀rọ̀-ìṣe jókòó bí ọba. Níbí, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń ṣiṣẹ́, ìrù rẹ̀ ló sì fi ń ṣe é." Ó wá mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta jáde láti ilé mẹ́ta: hablar, sísọ̀rọ̀, comer, jíjẹun, vivir, gbígbé ayé. "Wò wọ́n báyìí, wọn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, bí ewúrẹ́ tí a kò so. Gé -ar, -er tàbí -ir tó wà nídìí rẹ̀ kúrò, kí o fi ìrù ẹni tó ni ín sí i. Hablo, hablas, habla, hablamos, habláis, hablan. Como, comes, come, comemos, coméis, comen. Ilé kẹta ń tẹ̀lé ilé kejì lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀, àfi níbi 'a' àti 'ẹ' nìkan: vivimos, vivís."

Yánníbo, tí ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé, ń pè é tẹ̀lé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìjàpá ń wo ọ̀nà ilé ìdáná.

"Bí ìrù bá ti wà níbẹ̀," ni Cotorra tún wí, "arọ́pò-orúkọ lè lọ sùn. Ẹni tó bá ní 'como' kò nílò 'yo' mọ́, torí pé 'o' tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ti nàka sí ẹni tó ń jẹun."

Kí ó tó dé ibi ìka yẹn, Ìjàpá ti dìde. Ohun tí ó gbé dání lọ ni pé arọ́pò-orúkọ lè lọ sùn. Ẹ wo èdè tí ènìyàn ti lè ṣe nǹkan láìjẹ́ pé ó dárúkọ ara rẹ̀!

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń ṣa èdè jẹ bí adìyẹ ti ń ṣa àgbàdo láàrin òkúta. Nínú comer, "como" nìkan ni ó mú. Nínú trabajar, tí í ṣe ṣíṣe iṣẹ́, "trabajan" ni ó mú, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Nínú pagar, tí í ṣe sísanwó, "pagas", ìwọ ló ń san. Bí ọbẹ̀ bá dé, á ní "Como." Bí igi ìdáná bá dé, á tọ́ka sí àwọn ọmọ Jutía, á ní "Trabajan." Lọ́jà, á fi ojú pọ́n Jicotea lé, á ní "Pagas." Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá ṣáṣá lẹ́nu rẹ̀. Mo mọ olóṣèlú tí kò ju ìwọ̀nyí lọ tí ó sì ṣe sáà méjì.

Lọ́jọ́ kẹta, ó pàdé Caimán àgbà létí omi. Ọ̀nì ni, eyín rẹ̀ pọ̀, ọ̀wọ̀ sì tọ́ sí eyín bẹ́ẹ̀. Ìjàpá dọ̀bálẹ̀. Ó rántí pé "vosotros" ni "ẹ̀yin", ó sì ti mọ̀ láti kékeré pé "ẹ" ni à ń pe àgbà. "¿Vosotros coméis?" ni ó bèèrè. Caimán wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan. Ó wo abẹ́ ikùn rẹ̀. "Èmi mélòó ni o rí?"

Cotorra ló wá tú u sílẹ̀. Ó ní vosotros ṣì wà ní Sípéènì, ṣùgbọ́n kò wọkọ̀ wá sí Kúbà. Bí èèyàn bá pọ̀ níbí, ustedes ni. Àgbà kan ṣoṣo, usted. Oyè ni usted tẹ́lẹ̀, "vuestra merced", bí ẹni ń sọ pé "Ọlá yín". A kì í bá oyè sọ̀rọ̀ tààrà, à ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni, ìdí nìyí tí ìrù "ó" fi wà lára usted: él come, usted come.

"Ìyẹn ni pé, bí mo bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún un, kí n sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

"A máa ń ṣe ìyẹn nílé náà," Ìjàpá dáhùn, "àmọ́ a kì í pè é ní ọ̀wọ̀."

Ọ̀rọ̀ akọ àti abo ló wá dá ìjà sílẹ̀. Yánníbo àti àwọn ìyàwó ilé Jutía ń dáná, Cotorra sì ń kọ́ wọn: nosotras cocinamos, àwa obìnrin ń dáná. Ìjàpá gbé àpótí wá, ó jókòó ti iná, ó na ẹsẹ̀. Cotorra mí kanlẹ̀, ó pa "nosotras" rẹ́, ó kọ "nosotros". Yánníbo bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní akọ kan ti wọlé. Kò bẹ iṣu, kò rò ó, kò lọ ata. Ó kàn jókòó, ọ̀rọ̀ gbogbo ilé ìdáná sì di tirẹ̀. Yánníbo, tí "a" kan ṣoṣo ti ń tó fún tọkùnrin tobìnrin nílé bàbá rẹ̀, wo ọkọ rẹ̀, ó wo pátákó, ó sì ń rò ó lọ láìsọ̀rọ̀.

Kí n má gbàgbé: àwọn ará Kúbà a máa gbé "s" ìparí ọ̀rọ̀ mì. "Comes" á di "come" lẹ́nu wọn, ìrù "o" àti ìrù "ó" á wá jọra bí ìbejì. Bóyá torí ìyẹn ni wọn kì í fi jẹ́ kí "tú" sùn pẹ́. "¿Qué tú quieres?" ni wọ́n ń bèèrè, kí ni o fẹ́, níbi tí àwọn ará Madrid á ti pa "tú" yẹn jẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹjọ́ ń bọ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Disẹ́ńbà ni wọ́n ń ṣe ọdún Changó ní Kúbà, lábẹ́ orúkọ Santa Bárbara. Jutía se àmàlà, èyí tí wọ́n fi àgbàdo rò níbẹ̀, ó se ilá tí wọ́n ń pè ní quimbombó, ó gbé e sílẹ̀ fún òrìṣà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilẹ̀ mọ́, ìkòkò gbẹ. Ilá kò sì ṣeé jí gbé láìfi ojú ọ̀nà hàn: ó yọ̀ láti ìdí ìkòkò, ó gba ẹnu ọ̀nà, ó dé ẹsẹ̀ ẹní Ìjàpá. Majá, ejò ńlá tí í ṣe ọlọ́pàá wọn, tọ̀ ọ́ láìyára.

Tocororo ló dá ẹjọ́ náà. Ẹyẹ orílẹ̀-èdè ni, àwọ̀ àsíá Kúbà ló wọ̀: pupa nísàlẹ̀, funfun láyà, àwọ̀ ojú ọ̀run lórí. Ó yẹ kí ó bèèrè ẹni tó jẹ oúnjẹ lánàá, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún un pé olùjẹ́jọ́ kò tíì kọ́ ti àná, ó sì fi àánú bèèrè ti òní:

"¿Quién come?" Ta ló ń jẹun?

Ẹ̀rù a máa lé èdè àjèjì sá lẹ́nu. Ti ilé ló sáré wá bá Ìjàpá: "N kò mọ̀." Ṣùgbọ́n bí ó ti fẹ́ la ẹnu ni ó rántí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí ó yé e ní ilé Cotorra, pé ọ̀jáfáfá kì í gbé arọ́pò-orúkọ rù kiri. Ó gé "N" sọnù. Ó na ọrùn, ó sì kígbe kí gbogbo Regla lè gbọ́:

"Kò mọ̀!"

Ilé ẹjọ́ pa lọ́lọ́. Etí Kúbà kò mọ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni "Como." Èmi ni mò ń jẹun.

"Ó jẹ́wọ́," ni Tocororo wí.

Ìjàpá rí i pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó ní kí òun yí ìrù náà padà kíá. "Come! Come!" Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ta ni? Él ni àbí ella? Àbí tú ló ní lọ́kàn, tó gbé "s" mì bí ọmọ Havana? Majá fà sẹ́yìn. Tocororo dìde lórí ẹ̀ka, gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ dúró: "Usted ni ó ń wí bí? Ó ní èmi adájọ́ ni mo jẹ ẹ́?"

"Comemos!" Ìjàpá gbìyànjú, ó di ọwọ́ Yánníbo mú.

Yánníbo já ọwọ́ ara rẹ̀ gbà. Kò tíì sọ gbólóhùn kan ní gbangba láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Ó bọ́ síwájú, ó ní: "Yo no como. Él come." Èmi kò jẹ. Òun ló ń jẹ. Ẹ ò rí i bí àwọn arọ́pò-orúkọ méjèèjì ti jí lójú oorun, tí olúkúlùkù lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀? Cotorra pàtẹ́wọ́.

Ìdájọ́ Tocororo kò gùn: "Trabajas."

"Ta ni?" ni Ìjàpá bèèrè.

"Wo ìrù rẹ̀."

Ọ̀sán, òru, ìkòkò ni Ìjàpá ń fọ̀ ní Regla, orin rẹ̀ sì ti yí padà. Ẹ bá mi gbè é lẹ́ẹ̀kan sí i:

Lílé: Èmi nìkan ni mò ń fọ̀kòkò
Ègbè: Yo, yo, Ìjàpá ò yó
Lílé: Èmi nìkan ni mò ń gbálẹ̀
Ègbè: Yo, yo, Ìjàpá ò yó

Yánníbo ni ògbufọ̀ Kìnnìún báyìí. Òun ni ó pàdé àwọn àlejò létí òkun, usted fún àgbà, tú fún ọmọdé. Àwọn tó ti Regla dé láìpẹ́ ní Ìjàpá ti dé orí "ser", ọ̀rọ̀ tí kò gba ìrù ilé kankan: soy, eres, es. Ó ní òun kò rí ibi tí òun lè dì mú lára rẹ̀.

Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró.

Pó! Pó! Pó!

Ó ró, àbí kò ró?