Ẹyẹ Àkókó Ń Lu Òǹtẹ̀

À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú. Bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà ń wí nígbà tí aláìmọṣẹ́ bá yọ síbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀gá. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni àkókó ń fi ẹnu kan igi, ariwo rẹ̀ a gba oko kan, ṣùgbọ́n ta ló rí àpótí ìjókòó kan, ta ló rí ère ìbejì kan, tó ti ẹnu ẹyẹ náà jáde rí?

Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí káàdì ọjọ́ ìbí mi dé láti Peckham, ní London. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé. Káàdì náà nípọn bíi búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹyin sí láàárín. Páálí funfun wà nísàlẹ̀, páálí aláwọ̀ ewé wà lórí rẹ̀, bébà olódòdó wà lórí ìyẹn, bébà onílà tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú òdòdó, ríbọ́ọ̀nù gbà á nídìí, labalábá kan wá bà lé gbogbo wọn, fóòmù pélébé ló gbé e sókè bí ẹni pé ó fẹ́ fò. Mo ní, áà, ọmọ yìí mà yẹ́ mi sí o. Mo ṣí i. Òǹtẹ̀ rọ́bà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀, lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé wọ́n ń rò mí. Ta ló ń rò mí? Kò sí orúkọ. Kò sí "ẹ ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé", kò sí "ẹ̀mí yín á gùn". Òfo ni ìyókù. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, mo bá òǹtẹ̀ mìíràn níbẹ̀ tó sọ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe káàdì náà.

Òǹtẹ̀ rọ́bà, tí ilé iṣẹ́ ṣe, ló wá ń jẹ́rìí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é.

Mo pè é lórí fóònù.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú ọjọ́ ìbí o! Ṣé káàdì yín ti dé? Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é, odidi ọjọ́ méjì!"

"Ó dé, ó sì wù mí. Ta ló ya labalábá orí rẹ̀?"

"Òǹtẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá."

"Òdòdó ńkọ́?"

"Ara bébà tí mo rà ló wà."

"Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Sẹ́ńtímẹ́ǹtì là ń pe ìyẹn, ọ̀rọ̀ ìkíni ara òǹtẹ̀. Inú páálí kan náà ni wọ́n ń tà á pẹ̀lú labalábá."

"Kí wá ni ìwọ ṣe níbẹ̀?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Èmi ni mo tò ó."

Kò purọ́. Mo ti rí ibi tó ti ń tò ó. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní Peckham, yàrá tó yẹ kí àlejò máa sùn, òǹtẹ̀ ló ń sùn síbẹ̀. Èmi sùn sórí àga pálọ̀. Òǹtẹ̀ onígi wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ tó mọ́ gaara bíi dígí wà níbẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ike kékeré kan kí wọ́n tó fi tẹ tàdáwà. Tàdáwà fúnra rẹ̀ kún dúrọ́ọ̀ mẹ́ta. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń yí ọwọ́ rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń lọ ẹran, tó ń gé bébà sí ewé, sí ọkàn, sí ìràwọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yọ sókè lórí bébà, wọ́n á fi tàdáwà tí kì í tètè gbẹ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á da ìyẹ̀fun kan lé e bí ẹni ń fi iyọ̀ sí ẹja, wọ́n á gbọn èyí tí kò lẹ̀ padà sínú ìgò, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ tó jọ díráyà àwọn onídìrí fẹ́ ooru sí i. Ìyẹ̀fun náà á yọ́, á wú, á máa dán. Mo jẹ́wọ́, ó dùn ún wò. Mo ní kó tún un ṣe.

Páálí A4 kan, káàdì méjì ló ń jáde nínú rẹ̀. Páálí ọ̀hún kò wọ́n. Ohun tó gùn ún lórí ló wọ́n. Ní ti bébà aláràbarà, tó jẹ́ ínǹṣì 12 ní òró, ínǹṣì 12 ní ìbú, ó kún àpótí débi pé àpótí kò pa dé mọ́. Mo fa ọ̀kan yọ, òun náà fà á gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní èyí tó rẹwà jù nìyẹn, òun kò lè fi àlùmọ́gàjí kàn án. Mo mọ obìnrin kan ní Ìbàdàn tó ra léèsì tí kò rán títí ìdin aṣọ fi jẹ ẹ́. Ara kan náà ni wọ́n.

Àwọn tó ń tà á fún wọn kò sùn. Ilé iṣẹ́ Stampin' Up! ti Utah, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, àwọn obìnrin ló ń bá a tajà fún ọ̀rẹ́ wọn nínú pálọ̀ wọn, bí aláṣọ wa ṣe máa ń gbé léèsì kiri ilé ọlọ́rẹ̀ẹ́. Ẹ sì gbọ́ èyí: tí ẹ bá fẹ́ ta káàdì tí ẹ fi òǹtẹ̀ ṣe, ẹni tó ni àwòrán ara òǹtẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda fún yín. Orúkọ tí wọ́n fún irú ìyọ̀ǹda yẹn ni òfin áńgẹ́lì. Ohun tí ẹ ní ọwọ́ yín ni ẹ fi ṣe, ẹ óò gbàṣẹ áńgẹ́lì kí ẹ tó tà á.

Nílé wa níbí, òǹtẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé kóòtù a lù ú sórí ìwé ìbúra, kánsù a lù ú sórí ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká òǹtẹ̀ irinwó mọ́ lọ́wọ́ ní Olúwọlé, ojúkò ayédèrú ìwé ní Èkó, láyé ọjọ́sí, ọlọ́pàá ni yóò ṣàlàyé fún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní tó irinwó, ẹjọ́ kan kò tíì kàn án.

Ibi tí òǹtẹ̀ rọ́bà ti ṣẹ̀ wá kò jìnnà. Ní 1839 ni Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, rí i pé tí a bá po imí ọjọ́ mọ́ rọ́bà tí a sì fi iná sí i, rọ́bà náà kò ní yọ́ nínú ooru mọ́, kò sì ní gan nínú òtútù. Àwọn oníṣègùn eyín ló kọ́kọ́ fi ìkòkò kékeré kan máa se rọ́bà náà láti fi mọ ìdí eyín àtọwọ́dá. Inú irú ìkòkò yẹn náà ni àwọn tó kọ́kọ́ ṣe òǹtẹ̀ rọ́bà ti se tiwọn. Èyí ni pé ìkòkò kan náà ló bí eyín tí kì í ṣe tẹni àti ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tẹni.

Káàdì alára ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká lọ sí London, ọdún 1843. Henry Cole ni orúkọ ọ̀gbẹ́ni náà, ọ̀kan lára àwọn tó ṣiṣẹ́ kí Britain tó lè máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní kọ́bọ̀ kan láti 1840. Iṣẹ́ tó ṣe ló wá padà lé e. Lẹ́tà di pọ́ọ́kú, gbogbo ayé ń kọ̀wé sí i nígbà Kérésìmesì, ẹni tí kò bá sì fèsì, aláìmọ̀wàáhù ni. Kí ni Cole ṣe? Ó ní kí ayàwòrán kan, John Callcott Horsley, ya àwòrán ìdílé kan tó ń gbé ife wáìnì sókè, ó ní kí wọ́n tẹ ìkíni ọdún sí i lábẹ́, kí wọ́n fi àyè orúkọ sílẹ̀. Àwọn kan bínú pé ọmọdé wà lára àwọn tó ń mutí nínú àwòrán náà. Èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí Cole mú tirẹ̀, ṣílè kan ni wọ́n ń ta ẹyọ rẹ̀, ìyẹn kọ́bọ̀ 12, nígbà tí owó ìfìwéránṣẹ́ jẹ́ kọ́bọ̀ kan.

Ẹ rí i báyìí? Káàdì Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí wọ́n tà lọ́jà, ẹni tí ìwé kíkọ ti sú ló ṣe é. Ọgbọ́n à-kí-má-kọ ni. Iṣẹ́ ló kúkú pọ̀ lọ́rùn Cole. Ṣùgbọ́n ọmọ tiwa lo ọjọ́ méjì lórí káàdì kan kí ó má bàa lo ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí lẹ́tà.

Ìyà rẹ̀ kò tán síbẹ̀. Ní Britain, lẹ́tà tó bá nípọn ju mìlímítà 5 lọ kì í ṣe lẹ́tà lásán mọ́, lẹ́tà ńlá ni, owó rẹ̀ yàtọ̀. Labalábá tó fẹ́ fò yẹn, fóòmù abẹ́ rẹ̀ ló sọ káàdì mi di lẹ́tà ńlá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rí ẹni tó ń bọ̀ wálé gbé e fún. Èyí tí kò sì rí ẹni gbé e ńkọ́? Inú àpótí bàtà ló wà. Káàdì ogójì, tí ẹni tí wọ́n máa fi kí kò tíì sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Láti 2006 ni ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà ti ya Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá sọ́tọ̀ fún káàdì ṣíṣe káàkiri ayé. Ọjọ́ ṣíṣe ni o. Ọjọ́ fífi ránṣẹ́, mi ò gbúròó rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwòrán àwòkọ ni mò ń bá jà. Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ Abẹ́òkúta, páànù tí ọkùnrin ti gé àwòrán sí ni obìnrin ń fi lẹ́kọ gbà sára aṣọ. Ti Ìbàdàn ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà láìlo páànù. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ti Abẹ́òkúta kì í ṣe àdìrẹ. Àwọn baba wa gan-an ní sẹ́ńtímẹ́ǹtì tiwọn. Ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ fà sí obìnrin lè fi owó ẹyọ mẹ́fà pàrokò ránṣẹ́ sí i: ẹ̀fà, mo fà mọ́ ọ. Bí obìnrin náà bá gbà, á dá mẹ́jọ padà: ẹ̀jọ, ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹ lè sọ pé òǹtẹ̀ náà nìyẹn, nítorí mẹ́fà kan náà ni gbogbo ọkùnrin ń fi ránṣẹ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó di mẹ́fà yẹn, ẹnì kan pàtó ló dì í fún, oorun kò sì ní kùn ún títí mẹ́jọ yóò fi dé. Ẹ kò ní bá ogójì irú rẹ̀ nínú àpótí bàtà.

Kí n tó máa nàka sí Peckham, mo ṣí WhatsApp mi lọ́jọ́ kìíní oṣù yìí. Èèyàn 11 ló kí mi kú oṣù tuntun. Àwòrán rósì àti ife tíì ni mẹ́sàn-án nínú wọn fi ránṣẹ́, mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án náà sì jẹ́ rósì kan náà, ife kan náà, àdúrà kan náà. Mo ṣe àmín lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí ẹni tí mi ò mọ̀. Èmi náà ti fi ọ̀kan nínú wọn ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn kí n tó rántí pé mò ń kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Ó ku àkókó. Mo bú u níbẹ̀rẹ̀, mo sì jẹ ẹ́ ní gbèsè àforíjì. Ẹyẹ yẹn kò pe ara rẹ̀ ní gbẹ́nàgbẹ́nà rí, àwa là ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà. Nígbà tó bá ń kan igi, ihò ló ń gbẹ́; inú ihò náà ló ń yé sí, ibẹ̀ ló ń pamọ sí. Tó bá sì kúrò, ẹyẹ mìíràn a kó wọbẹ̀. Kò sí igi kan tó kàn láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ kó-kó-kó mọ́jú, tí kò sí ọmọ ọ̀rọ̀ kan nínú ihò rẹ̀, kò tíì dé ipò àkókó.

Òfo inú káàdì mi gùn tó ìka mẹ́rin. Mo mú bíròo. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ bí òjò ṣe rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ, tí ìyá rẹ̀ ṣí ìborùn lórí ara rẹ̀ tó fi bo ìkòkò ọbẹ̀, tí gbogbo àlejò rẹ gbingbin ṣùgbọ́n tí ọbẹ̀ kò gba omi. Mo kọ orúkọ tí èmi fún un lọ́jọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni kò pè mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kún òfo yẹn, kò gbà á, ó ṣàn dé ẹ̀yìn káàdì, ó sì gba orí òǹtẹ̀ tó ní ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é kọjá. Ẹni tó gbé e wá ń padà sí London ní Ọjọ́bọ̀. Mo ti fi rán an.