Alákàn Kò Ra Ojú Lọ́jà

Àwọn baba wa tí wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí kò rò ó láé pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ aráyé, arówó-rajú, alójú-má-fi-ríran, yóò lọ ra ojú sí iwájú ọkọ̀, kí ó lè ráyè fi ojú ti ara rẹ̀ wo fóònù.

Kí n má purọ́ mọ́ ojú àrà náà, ó ń ríran. Rédà ń bẹ ní imú ọkọ̀, kámẹ́rà ń bẹ lẹ́yìn gíláàsì iwájú. Bí wọ́n bá ti rí i pé a fẹ́ kọlu ohun tí ó wà níwájú, wọn a han, bí awakọ̀ kò bá sì gbọ́, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ a tẹ bíréèkì. (Bí ó bá di tòkúnbọ̀ tí ó dé Èkó, tí gíláàsì náà fọ́, òmíràn ni a ó fi sí i; ta ni yóò bi kámẹ́rà léèrè bóyá ojú rẹ̀ ti yẹ̀?)

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á dé Tempe, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, ní alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2018, níbi tí ọkọ̀ Volvo kan tí Uber ń dán wò, èyí tí ń wa ara rẹ̀, ti ń sáré bọ̀, tí obìnrin kan sì ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọdá títì. Ìṣẹ́jú àáyá 5.6 kí ó tó kọlù ú ni ọkọ̀ ti rí i. Ó ní ọkọ̀ ni. Ó tún ní rárá, nǹkan mìíràn ni. Ó ní kẹ̀kẹ́ ni. Bíréèkì àdáṣe tí Volvo fi sí i, Uber ti dè é lọ́wọ́, kí ọba má baà pé méjì láàfin. Kọ̀ǹpútà tiwọn ẹ̀wẹ̀, wọn kò gbà á láàyè láti tẹ bíréèkì pàjáwìrì, awakọ̀ tí ó jókòó tì í ni kí ó tẹ̀ ẹ́. Kò sì ké sí awakọ̀ náà títí ó fi pẹ́ jù. Awakọ̀ ńkọ́? Fóònù ni ó ń wò. Ojú mẹ́wàá kò jọ ojú ẹni lóòótọ́, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà ojú ẹni gan-an kò sí nílé. Obìnrin náà kú.

Ẹni tí ó bá rò pé àwọn ọlọ́gbọ́n yóò wá sọ fún awakọ̀ pé kí ó gbójú sókè kò mọ̀ wọ́n. Ojú mìíràn ni wọ́n tún rà. Láti oṣù keje ọdún 2024, òfin àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan pé kí ọkọ̀ tuntun gbogbo ní bíréèkì àdáṣe, kí ó sì ní ohun tí ń kìlọ̀ fún awakọ̀ tí oorun ń kùn. Àwọn oríṣi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé jáde sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ awakọ̀ bóyá ọkàn rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Ojú wá ń ṣọ́ ojú tí ó yẹ kí ó ṣọ́ orí; ẹni tí ó ra ọkọ̀ náà kò sì ní tíì kúrò níwájú ilé ìtajà tí yóò ti máa wá bọ́tìnì tí a fi ń pa á lẹ́nu mọ́.